Ẹ̀dá Inú Omi Ọgbà: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ìdílé tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń gbé ní Ìkéré-Èkìtì, ní apá ibi tí òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta ti máa ń ṣàn kọjá kíákíá, tí ilẹ̀ sì tètè máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé òkúta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ìyá ilé náà ní ọgbà ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ata rodo, tòmátì àti ìwọ̀nba kùkúńbà; ó ń tà nínú rẹ̀ lọ́jà, wọ́n sì ń jẹ nínú rẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà, ló mọ táǹkì oníkọnkéré kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Táǹkì náà gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, ó sì jìn ní mítà kan àbọ̀, nítorí náà ó ń gba nǹkan bíi lítà 9,000 omi bó bá kún. Ní àsìkò òjò, omi orí páànù ló ń wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, wọ́n á fi pọ́ǹpù kékeré fa omi odò tó wà nísàlẹ̀ ilé sí i. Omi kànga ni wọ́n ń mu, wọn kì í bu ti táǹkì sẹ́nu. Ojú táǹkì ṣí sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń sẹ́ omi náà, kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, nítorí pé gbogbo ilé ló gbà pé omi tí a fẹ́ bù rin ẹ̀fọ́ kò nílò ìtọ́jú kankan.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó àyíká ni mo ń ṣe, iṣẹ́ tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní wolé-wolé. Ìyá náà ránṣẹ́ pè mí nínú oṣù Kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an, ó sì ro ẹjọ́ mẹ́ta fún mi. Ó ní rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ òun lu ihò sí lára kó lè máa kán omi sídìí tòmátì kò yéé dí. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ la ihò lónìí, yóò tún ti dí bó bá di ọ̀la. Ó ní ohun abẹ̀mí kún inú táǹkì, wọ́n ń fò, wọ́n ń yí, àwọn ọmọ ilé kò sì fẹ́ fọwọ́ kan omi náà mọ́. Ẹ̀kẹta ló dùn ún jù lọ: ibà ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ léraléra láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti bẹ̀rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ti fi hàn pé ibà máléríà ni. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ọmọ náà ní kí wọ́n lọ wo àyíká ilé wọn dáadáa. Wọ́n wò ó, wọ́n rí táǹkì, wọ́n sì dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹnì kan ládùúgbò ti gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n da oògùn apakòkòrò dichlorvos sínú omi náà, wọ́n sì ti rà á sílẹ̀. Wọn kò tíì ṣí i. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé e kúrò nítòsí táǹkì ná, nítorí pé ohun tó wà nínú ìgò yẹn léwu ju gbogbo ohun tó ń fò nínú omi náà lọ. Iṣan ara ni dichlorvos ń bá jà, ìbáà ṣe ti kòkòrò tàbí ti ènìyàn, ó sì ń gba awọ ara wọlé bó ṣe ń gba imú àti ẹnu. Ìyá yìí ń ki ọwọ́ bọ omi táǹkì láràárọ̀, adìẹ rẹ̀ ń mu nínú èyí tó bá dà sílẹ̀, ewédú tó bomi rin lónìí sì lè wà lórí àtẹ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de títa àwọn ìgò rẹ̀ kéékèèké, ìyẹn mílílítà 100 sísàlẹ̀, lójú ọjà. Ẹ̀rù máa ń bà mí gidigidi nígbà tí mo bá rí i pé ènìyàn ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú omi tí oúnjẹ yóò mu.

Ìdí mìíràn tún wà tí ènìyàn kì í sábà rò. Nínú omi tó ti pẹ́ nílẹ̀, ọmọ lámilámi àti àwọn kòkòrò omi mìíràn máa ń wà tó jẹ́ pé tanwíjí ni wọ́n ń jẹ. Oògùn yóò pa ẹran, yóò sì pa ọdẹ pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí agbára oògùn bá sì lọ sílẹ̀ nínú omi, ẹ̀fọn ni yóò kọ́kọ́ padà, nítorí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń ti inú ẹyin di ohun tó ń fò, nígbà tí ọmọ lámilámi lè lo oṣù mélòó kan nínú omi kó tó yọ ìyẹ́. Tíṣà béèrè bóyá kẹrosíìnì kò ní sàn jù. Lóòótọ́ ni kẹrosíìnì ń pa tanwíjí, nítorí pé ó ń dí ojú omi tí wọ́n fi ń mí, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ àti ìdí ẹ̀fọ́ ni yóò parí sí, kò sì sí oníbàárà tí yóò ra tẹ̀tẹ̀ tó ń rùn kẹrosíìnì.

Ohun tí mo ní kí a ṣe ni pé kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tó ń gbé inú omi náà. A gbé abọ́ tánńganran funfun kan sínú oòrùn, a fi ife bu omi láti ojú táǹkì, láti àárín rẹ̀ àti láti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a sì ń dà á sínú abọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Abọ́ náà gbọ́dọ̀ funfun. Nínú korobá dúdú, ènìyàn kò ní rí nǹkan kan. Tíṣà gbé awò tó fi ń ka ìwé jáde, ó jókòó tì wá, kò sì dìde títí a fi parí.

Omi ojú táǹkì kún fún tanwíjí. Gbogbo wọn ló dorí kodò, tí ìdí wọn kan ojú omi, nítorí pé ìdí ni ọ̀pá tí wọ́n fi ń mí wà. Bí òjìji ọwọ́ wa bá kọjá lórí abọ́, gbogbo wọn á wé ara wọn pọ̀, wọ́n á wọ ìsàlẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún máa gòkè bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ti kọjá ìpele tanwíjí wà láàárín wọn, tí orí wọn tóbi, tí ìrù wọn sì ká sábẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í jẹun mọ́, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ló kù kí wọ́n di ẹ̀fọn. Nínú omi àárín, a rí àwọn ohun tíntìntín tó ń ta pọ́ún-pọ́ún lọ sókè, tí ara wọn mọ́ gaara débi pé a ń rí oúnjẹ aláwọ̀ ewé nínú ikùn wọn. Daphnia ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwọn mìíràn tún kéré sí wọn, tí wọ́n ń sáré dúró, sáré dúró, tí àpò ẹyin méjì sì so mọ́ ìdí àwọn abo wọn. Cyclops nìyẹn, ojú kan ṣoṣo ló ní. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ní kòkòrò pupa tẹ́ẹ́rẹ́ nínú, àti ìṣáwùrú kéékèèké, àti légbénlègbé díẹ̀ tí pọ́ǹpù ti fà wá láti odò.

Nínú gbogbo wọn, kò sí èyí tó ń pa ẹ̀fọ́ lára. Daphnia ń jẹ àwọn ohun aláwọ̀ ewé tó ń mú omi ṣókùnkùn, nítorí náà omi tó bá wà nínú rẹ̀ a máa mọ́ sí i ni. Kòkòrò pupa ìsàlẹ̀ jẹ́ ọmọ àwọn eṣinṣin kéékèèké kan tí wọ́n jọ ẹ̀fọn ṣùgbọ́n tí wọn kì í gé ènìyàn jẹ. Ọ̀ràn wọn kò ju pé wọ́n ń dí rọ́bà lọ: òkú wọn, awọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ àti ẹrẹ̀ tí wọ́n fi kọ́lé sára ni a fi abẹ́rẹ́ fà jáde nínú ihò tí a là níwájú mi.

Ọ̀rọ̀ ibà ọmọ náà ló mú mi jókòó pẹ́ jù lọ nídìí abọ́ náà. Tanwíjí ẹ̀fọn Anopheles, tó ń gbé ibà máléríà, kò ní ọ̀pá ìmí nídìí. Ṣe ló máa ń nà gbalaja lé ojú omi. Mo wo abọ́ náà láti ìgbà dé ìgbà, n kò rí ẹyọ kan tó nà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó dorí kodò nínú táǹkì jẹ́ ti Culex, irú ẹ̀fọn tó fẹ́ràn omi tó ti dúró pẹ́, tó máa ń kùn létí ènìyàn lóru tí kò sì ní jẹ́ kó sùn, ṣùgbọ́n tí kì í gbé ibà máléríà. Omi tí Anopheles gambiae fẹ́ràn yàtọ̀: ó fẹ́ omi tí kò jìn, tí kò tíì pẹ́, tí oòrùn ń tàn sí ní gbangba, irú èyí tó máa ń dúró sí ojú ẹsẹ̀ màlúù àti ipa táyà ọkọ̀. Mo wá béèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé níbo ni omi ń dúró sí nínú ọgbà.

Ó mú mi lọ sáàárín ebè. Láti ìgbà tí ihò rọ́bà ti ń dí ni wọ́n ti pa á tì, tí wọ́n sì ń fi họ́ọ̀sì ńlá da omi sí gbogbo ọgbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ibi tí àwọn ọmọ ń tẹ̀ kọjá láàárín ebè ti di kòtò-kòtò, ìdí ẹnu ẹ̀rọ omi táǹkì sì ti di àbàtà; omi àárọ̀ kò tíì gbẹ tán kí ti ìrọ̀lẹ́ tó bá a níbẹ̀. Mo ní kí ìyá náà bẹ̀rẹ̀, kó sì wo ojú omi inú ipa ẹsẹ̀ kan láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ eérú, wọ́n nà gbalaja lójú omi tí kò jìn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, “Nínú omi tí èmi fúnra mi dà sílẹ̀, Bàbá?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn ẹ̀dá inú táǹkì kò gbé ibà wá. Wọ́n dí rọ́bà, rọ́bà tó dí ló sọ họ́ọ̀sì di dandan, omi họ́ọ̀sì ló sì di ilé fún ẹ̀fọn tó ń gbé ibà. Ká ní wọ́n da oògùn olóró sínú táǹkì bí wọ́n ti fẹ́ ṣe, wọn ì bá pa gbogbo ohun tí kò ṣe ọmọ náà ní nǹkan kan, wọn ì bá sì fi èyí tó ń ṣe é sílẹ̀ nínú ipa ẹsẹ̀.

Orúkọ cyclops kò jẹ́ kí Tíṣà jókòó jẹ́ẹ́. Ó rántí sòbìà. Àwọn tó ti dàgbà níhìn-ín mọ ohun tí sòbìà fi ojú ènìyàn rí, bí ó ti ń yọ lẹ́sẹ̀ àgbẹ̀ ní àkókò tí iṣẹ́ oko pọ̀ jù. Òun ló sì fún wa ní òwe tó ní kí sòbìà tó degbò, olúgànńbe là á ké sí. Cyclops ló ń gbé ọmọ kòkòrò sòbìà mì, ẹni tó bá sì mu omi tí irú cyclops bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni yóò kó o. Nígbà tí wọ́n wá àwọn aláàrùn náà káàkiri Nàìjíríà ní apá ìparí ẹ̀wádún 1980 sí 1989, wọ́n rí iye tó lé ní 650,000. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi mímu, ẹ̀kọ́ ìlera láti ilé dé ilé, kànga tó dára àti oògùn tí wọ́n fi sí àwọn adágún ló lé e lọ. Ọ̀gágun Yakubu Gowon wà lára àwọn tó rìn káàkiri ìletò nítorí rẹ̀. Oṣù Kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní orílẹ̀-èdè yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní ọdún 2013 pé ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, cyclops tó wà nínú táǹkì yìí kò ní sòbìà nínú, ẹnikẹ́ni kò sì ń mu omi náà. Mo sọ èyí fún Tíṣà kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, mo sì kìlọ̀ pé kí àwọn ọmọdé má ṣe bu omi náà mu nígbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n nínú ọgbà.

Ìṣáwùrú ni n kò fojú kékeré wò. Àwọn irú kan wà nínú ìṣáwùrú omi, Bulinus ni orúkọ wọn, tí àtọ̀sí ajá ń gba ara wọn kọjá kó tó dé ara ènìyàn. Àwọn ọmọdé tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò ni wọ́n sì sábà ń kó o, tí wọ́n á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé ìkarahun náà dání, tí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí ẹni tó gbé e, tí ẹnu náà bá wà lápá òsì, kí ó fura. A rí irú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ táǹkì. Ìyẹn kò fi hàn pé àrùn wà lára wọn, ṣùgbọ́n omi odò ni wọ́n bá wá, ìyá náà sì ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ omi yẹn lójoojúmọ́. Ọmọ kòkòrò tó ń jáde lára ìṣáwùrú kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ méjì lọ láàyè nínú omi bí kò bá rí awọ ènìyàn wọ̀. Omi tí kò bá ní ìṣáwùrú nínú mọ́, tí a sì jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ méjì, kò ní ewu yẹn nínú mọ́. Mo tún ní kí wọ́n mú àwọn ọmọ tó máa ń wẹ̀ nínú odò náà lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ìtọ̀, nítorí pé oògùn praziquantel wà fún àrùn náà.

Lẹ́yìn èyí ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. A kò da omi táǹkì nù, nítorí pé omi ṣọ̀wọ́n ní oṣù Kejì. A fi aṣọ sẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ sórí ebè, ní ìwọ̀n tí ilẹ̀ lè fà mu, tanwíjí tó kù sínú aṣọ sì kú sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn ọmọ kó légbénlègbé padà sí odò. Mo ṣa ìṣáwùrú, mo fi òkúta fọ́ wọn, mo sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ di ajílẹ̀ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Nígbà tí táǹkì gbẹ, a fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ gbogbo ara ògiri rẹ̀, pàápàá apá òkè ibi tí omi máa ń dé, nítorí pé ẹ̀fọn Aedes, tó lè gbé ibà apọ́njú, máa ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀, ẹyin náà sì lè wà láàyè ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù títí omi yóò fi kàn án.

Káfíńtà kan bá wọn ṣe ìbòrí onígi tí a kan páànù lé, tí kò ní àlàfo létí, a sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ẹnu ibi tí omi òjò ń gbà wọlé àti ibi tí àpọ̀jù rẹ̀ ń gbà jáde. Òkùnkùn inú táǹkì náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀: níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé, ohun aláwọ̀ ewé kò ní hù, àwọn tó ń jẹ ẹ́ kò sì ní pọ̀. Omi odò kò tún ń lọ tààrà sínú táǹkì mọ́. Dúrọ́ọ̀mù kan ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí, tí a kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí a sì da iyanrìn odò tí a ti fọ̀ lé e lórí dé ju ìdajì lọ. Iyanrìn yìí ló ń dá ìṣáwùrú, ẹyin àti ẹrẹ̀ dúró. Plọ́ńbà gbé ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde nínú táǹkì sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, kó má bàa máa fa ẹrẹ̀, a sì fi asẹ́ tó ṣeé tú fọ̀ sí i kí omi tó wọ rọ́bà. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, wọ́n á tú ìdí rọ́bà náà, wọ́n á jẹ́ kí omi fi agbára ṣàn jáde títí yóò fi mọ́.

Nínú ọgbà, ọ̀nà tó wà láàárín ebè di títẹ́jú, a da èèpo igi lé e, a sì gbẹ́ kòtò kékeré sídìí ẹnu ẹ̀rọ omi, a fi òkúta wẹ́wẹ́ kún un. Rọ́bà padà sẹ́nu iṣẹ́, họ́ọ̀sì sì di ohun ìpamọ́. Bí omi kan bá tún dúró níbì kan, òfin tí ìyá náà ń tẹ̀ lé ni pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ tán pátápátá lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ márùn-ún, kí tanwíjí kankan má bàa rí àyè dàgbà.

Dúrọ́ọ̀mù méjì kan wà tí wọn kò lè dé, nítorí pé inú wọn ni wọ́n ti ń bu omi fún adìẹ àti fún fífọ irinṣẹ́. Níbẹ̀ ni mo lo Bti, bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Negev ní Ísírẹ́lì ní ọdún 1976. Tanwíjí á jẹ ẹ́, yóò sì ba ìfun rẹ̀ jẹ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Kì í ṣe adìẹ, ẹja tàbí ènìyàn ní nǹkan kan. Àwọn tó ti kọjá ìpele tanwíjí kò ní kú, nítorí pé wọn kì í jẹun, èyí ló sì fà á tí àwọn kan fi máa ń rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún àwọn ní ọjọ́ kejì. Ó wọ́n díẹ̀, láti Ìbàdàn ni a sì ti rà á. Ilé tí kò bá rí i rà lè da omi irú dúrọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n sì fọ inú rẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, tanwíjí kò sí nínú táǹkì, rọ́bà ń kán omi déédéé, ipa ẹsẹ̀ inú ọgbà sì gbẹ. Daphnia díẹ̀ ṣì wà, mo sì ní kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Kòkòrò pupa ti padà sínú iyanrìn dúrọ́ọ̀mù, nítorí náà wọ́n ní láti máa kó iyanrìn òkè rẹ̀ jáde fọ̀ lóòrèkóòrè. Ibà kò tíì tún gbé ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ti ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì alóògùn láti ìgbà náà, n kò sì lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù nínú méjèèjì. Ẹ̀fọn ṣì ń wọlé láti ìta: omi máa ń dúró sí abíyá ewé kókò tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ilé, táyà àlòkù sì wà ní ilé kejì, tí ẹyin Aedes lè wà nínú wọn. Tíṣà ti bá onítáyà náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fẹnu kò pé kí wọ́n kó wọn sábẹ́ páànù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ gan-an.